Zobo Tí A Pè Ní Ẹ̀jẹ̀

Nusirat kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì ọdún yìí, ní ilé ìwòsàn kan ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni òkú rẹ̀ fi wà nínú yàrá tútù kí wọ́n tó rí ẹni tó máa dúró fún un. Ní Sharjah yìí kan náà o, níbi tí èèyàn ò ti lè jáde lọ ra búrẹ́dì ní Abu Shagara kó má gbọ́ "ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó délé. Mùsùlùmí òdodo ni Nusirat. Ẹ̀sìn tí èmi àti òun jọ ń ṣe ní kí a tètè sin òkú, kí a má fi í falẹ̀. Àwa tètè lóòótọ́, ṣùgbọ́n sísá ni a tètè sá fún un.

Mo mọ ohun tí ẹ ń retí. Ọdún keje rèé tí mo ti ń kọ ojú ewé yìí láti Sharjah, ẹ sì ti mọ̀ mí mọ́ bíbú àwọn ẹlòmíì: agent tó ń ta visa ayédèrú, ọ̀gá tó ń gba passport lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, landlord tó ń kó èèyàn mẹ́jọ sí yàrá kan. Ẹ ti jókòó, ẹ ń dúró kí n dárúkọ ẹni tó ṣe Nusirat ní ibi. N ó dárúkọ rẹ̀. Àwa ni. Orúkọ tèmi ló sì yẹ kó ṣáájú, torí èmi ni alukoro Ẹgbẹ́ Ìrẹ̀pọ̀ Ọmọ Yorùbá ní Abu Shagara, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi ṣe é.

Wíìgì ni Nusirat ń ṣe. Kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ ń rán, tí à ń kó ní ọjà Deira ní Dubai lọ sí Èkó, tó ń já lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Abẹ́rẹ́ kékeré kan tó ní ìkọ́ lẹ́nu ló máa ń fi fa irun wọ inú àwọ̀n, fọ́nrán kan, fọ́nrán méjì, láti iwájú orí dé ìpàkọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni orí kan máa ń gbà á. Ó ní èjí, kì í sì í fọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín. Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á ní "Bísímílláhi" sókè ketekete, bí ẹni tó ń kí àlejò káàbọ̀.

Nígbà tí oògùn àrùn jẹjẹrẹ kó gbogbo irun orí Wùmí ìyàwó mi lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Wùmí ò gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé wá wo òun mọ́. Nusirat nìkan ló gbà láyè. Ó wá wọn orí rẹ̀, ó lọ, ó sì padà wá ní ọjọ́ karùn-ún. Ó dé wíìgì náà fún un, ó fọwọ́ méjèèjì bo dígí, ó ní, "Àǹtí Wùmí, ẹ ò ní wo mirror yìí o, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín." Wùmí rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn nínú ilé mi. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí èmi jẹ́.

Ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Harada dé láti Japan, ó gba ilé ìkẹ́rù ńlá kan ní agbègbè ilé iṣẹ́ ní Sharjah, ó fẹ́ ṣe fíìmù. Orúkọ fíìmù náà ní èdè wọn túmọ̀ sí "Awọ Tó Ta Gbòǹgbò". Ìtàn ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní ìlú ọjọ́ iwájú ni. Lọ́jọ́ kan, wáyà hù jáde ní ìdodo rẹ̀. Ó gé e, méjì hù. Kò pẹ́, gbogbo ara rẹ̀ ń hu wáyà bí ilẹ̀ ṣe ń hu koríko, àwọn ará ìlú sì rí i pé iná wà nínú wáyà náà. Ni wọ́n bá ń wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń so fóònù wọn mọ́ ọn lára, wọ́n ń fa iná ara rẹ̀, títí ọkùnrin náà fi gbẹ. Fíìmù abanilẹ́rù ni. Kì í ṣe ti ọmọdé, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun.

Harada ń wá ẹni tó lè gbin irun àti wáyà sára awọ rọ́bà kó dà bíi pé inú ẹran ara ló ti hù. Àwọn tó kó wá láti ilé gbìyànjú, wáyà ń yọ. Ẹnì kan bá mú un dé ibi tí Nusirat ti ń ṣiṣẹ́ ní Deira. Nusirat fa irun wọ awọ rọ́bà bó ṣe ń fà á wọ inú wíìgì. Ní ti wáyà, ó fi òwú dúdú kó o. Bẹ́ẹ̀ ni, irun kíkó, èyí tí àwọn ìyá wa ń kó fún àwọn ọmọbìnrin kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ attachment. Ó kó wáyà ní onílé gogoro, láti ìdodo dé àyà, láti àyà dé àtàrí, ó dúró ṣánṣán, kò sì yọ. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Èyí tí wọ́n kó wá ń ṣàn bí omi. Nusirat lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta èròjà ọbẹ̀ ní Deira, ó ra zobo, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní karkade, ó sè é, ó fi ògì mú un ki. Harada pàtẹ́wọ́ fún un.

Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilé tí kò ní fèrèsé, nínú òórùn gọ́ọ̀mù àti rọ́bà yíyọ́. Àwọn tó tẹ̀lé Harada wá ní ìbòmú tó bo gbogbo ojú. Nusirat, tó ti ní ikọ́ fée láti kékeré, etí hijab rẹ̀ ló fi ń bo imú. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó tó.

Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà jọjọ. Ó ní kí ẹnì kan ya òun ní fídíò, ó fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú voice note oníṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì fi fídíò náà nìkan sínú group ẹgbẹ́ wa. Fídíò ọ̀hún ò gùn, kò pé ìṣẹ́jú kan. Ọkùnrin kan sùn sórí tábìlì, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, ikùn rẹ̀ là sílẹ̀. Nusirat kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ní "Bísímílláhi", ó ki ọwọ́ bọ inú ikùn náà, ó sì fa nǹkan gígùn kan jáde tí òwú dúdú yí ká.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọmọ Yorùbá máa rí níbẹ̀. Ará Japan wò ó, ó rí fíìmù. Ará Philippines wò ó, ó rí fíìmù. Àwa rí aṣọ funfun, a rí òwú dúdú, a gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu obìnrin tó kúnlẹ̀, a ní òògùn owó ni. Mi ò ní sọ pé ẹ̀rù wa ò ní ìdí, a mọ ohun tí àwọn èèyànkéèyàn ń ṣe nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà ní ẹnu tó lè fi béèrè, àbí kò ní? Ta ló béèrè nínú wa? Mi ò gbọ́ voice note yẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gùn jù lójú mi. Mo wo fídíò, mo fi ránṣẹ́ sí group mẹ́rin, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sùn nínú yàrá kan náà o. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa." Mo fi àwòrán ọwọ́ àdúrà mẹ́ta sí i. Èmi tí mò ń kọ́ yín ní ìwà lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, fídíò náà ti dé Mushin, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé.

Àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń bá a gbé bedspace, yàrá tí kálukú ti ń háyà bẹ́ẹ̀dì, ní Abu Shagara kó ẹrù rẹ̀ síta lẹ́bàá lift. Orí fóòmù méje tó ń gbé wíìgì lé wà nínú ẹrù náà, ẹnì kan sì fi igbe ta pé orí èèyàn ni. Orí fóòmù! Alága wa, Alhaji Abdulsalam, yọ ọ́ kúrò nínú group. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tó ṣe visa fún un, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ní àwọn oníbàárà ń bẹ̀rù, ó fagi lé visa náà. Ẹ jẹ́ kí n wá rán yín létí nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀ yẹn. Oṣù méjì péré ṣáájú ìgbà náà, a ṣe àpéjọ ẹgbẹ́ wa ní páàkì Al Mamzar. Ta ló se zobo tí a mu? Nusirat ni. Alága nìkan mu ife mẹ́ta, ó tún ní kí wọ́n bu èyí tó kù sínú ike fún òun láti gbé lọ sílé.

Nusirat pè mí lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ tí wọ́n lé e. Mi ò gbé e. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà gbọ́ voice note yẹn, ẹ jọ̀ọ́." Mi ò gbọ́ ọ. Wùmí bi mí pé kí ló dé tí Nusirat ò wá sílé wa mọ́, mo ní ó ti padà sí Nàìjíríà. Wíìgì tí Nusirat ṣe fún un wà lórí rẹ̀ nígbà tí mo ń pa irọ́ náà fún un.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà á sílé. Fọláyẹmí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Iléṣà, Kìrìsìtẹ́nì, òṣìṣẹ́ supermarket. Ìdajì bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Hor Al Anz, ní Dubai, ló fún Nusirat. Mo bi í lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán pé ṣé ẹ̀rù ò bà á nígbà tó rí fídíò yẹn.

"Ẹ̀rù bà mí now. Mo wá bi í. Mo ní, 'Nusirat, kí lèyí?' Ó sọ fún mi. Finish. Five minutes ni gbogbo ẹ̀ gbà, ẹ̀gbọ́n."

Fíìmù náà jáde. A gbọ́ pé ní Japan, àwọn kan dìde kúrò nínú síìnímà, ẹnì kan sì bì. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù gbé e gẹ̀gẹ̀, ohun tí wọ́n sì yìn jù ni ara ọkùnrin yẹn. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé wáyà tó dúró ṣánṣán lórí rẹ̀ dà bí ìlú ọjọ́ iwájú, ó ní làákàyè ará Japan nìkan ló lè ro irú rẹ̀. Ká ní ìyá mi ṣì wà láyé ni, ì bá fi orí tirẹ̀ hàn án. Nígbà tí wọ́n gbé fíìmù náà dé Dubai ní oṣù kìíní, Harada dúró níwájú èrò, ó ní ọwọ́ ìlú yìí ló ṣe ara tí wọ́n rí yẹn. Ọwọ́ ìlú! Ṣé ìlú ló ń wúkọ́ ní Hor Al Anz? Ẹni tó ni ọwọ́ náà, ṣé kò ní orúkọ tí ìyá sọ ọ́ ni?

Nusirat àti Fọláyẹmí lọ wò ó ní ọ̀sán Saturday kan. Nígbà tó parí, gbogbo èèyàn dìde. Nusirat ò dìde. Ó ń ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gòkè lójú síìnímà, ìka rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Orúkọ ẹni tó wa mọ́tò wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó se oúnjẹ wà níbẹ̀. Orúkọ gbogbo wọn lọ tán, iná tàn, ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà dè wọ́n.

"Yalla, jẹ́ ká máa lọ," Fọláyẹmí sọ fún un.

"Àwọn tí wọ́n fi Japanese kọ yẹn ńkọ́?" Nusirat ní. "Bóyá mo wà nínú èyí tí mi ò lè kà."

Lẹ́yìn tí visa rẹ̀ ti lọ, insurance náà lọ, oògùn ikọ́ fée tó yẹ kó máa fà símú lójoojúmọ́ wá di ohun tó ń fà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ilé oníbàárà kan ní Al Khan, obìnrin ará Sudan, ló ti ń wọn orí fún wíìgì nígbà tí èémí há mọ́ ọn láyà. Obìnrin náà pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Nusirat ò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ilé ìwòsàn fẹ́ ẹni tó lè dúró fún òkú náà: ọ̀gá, ẹbí, tàbí ẹgbẹ́ tó ní òǹtẹ̀. Kò ní ọ̀gá mọ́. Ẹbí rẹ̀ wà ní Mushin. Ni Fọláyẹmí bá wọ bọ́ọ̀sì, ó wá bá wa ní ìpàdé ọjọ́ Sunday nínú pálọ̀ Alága. Aṣọ iṣẹ́ supermarket ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìpàdé, sà. Letter kan péré ni wọ́n ń béèrè. Kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ pé àwọn mọ Nusirat, pé Mùsùlùmí ni. Ẹ jọ̀ọ́, sà, body yẹn ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀."

Alága ò gbójú sókè nínú fóònù rẹ̀. "Ta ni Nusirat? A ò ní member tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́ kúrò, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n, o ti dáhùn ara ẹ nìyẹn. Ẹni tá a ti yọ, a ò mọ̀ ọ́n mọ́. Sister, má kó ẹgbẹ́ wa sí wàhálà. Khalas, ó parí."

Fọláyẹmí yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n?"

Mo wo kápẹ́ẹ̀tì. Ìwé ẹgbẹ́ àti òǹtẹ̀ ẹgbẹ́, inú dúrọ́ọ̀ mi ni wọ́n wà, nílé mi. Ìlà mẹ́ta péré ni ǹ bá kọ. Mo ní, "Fọláyẹmí, fọkàn balẹ̀, a máa jíròrò lórí ẹ̀." Ó dìde, ó dúpẹ́, ó lọ. A ò jíròrò kankan. Ibi tí a ó ti ṣe àpéjọ ọdún yìí la kọjá sí, àwọn kan ní Al Mamzar ti sú àwọn.

Ọkọ obìnrin ará Sudan yẹn, ọkùnrin tí kò bá Nusirat sọ̀rọ̀ rí, ló fi òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ lọ dúró fún un níkẹyìn. Wọ́n kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Àílà ní ọjọ́ ogún. Ará Pakistan kírun sí i lára, ará Bangladesh kírun sí i lára, ará Egypt kírun sí i lára, Ọlọ́run san án fún wọn. Kò sí ohùn Yorùbá kan ṣoṣo níbẹ̀ tó ṣe àmín. Fọláyẹmí dúró síta lẹ́bàá odi ìtẹ́ òkú, hijab Nusirat ló wé, torí kò mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí Kìrìsìtẹ́nì wọlé. Ojú tì mí nígbà tó ń sọ èyí fún mi, mi ò mọ ibi tí ǹ bá gbé ojú sí.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ voice note náà. Mo wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, kí Wùmí má bàa gbọ́. Àmì tó ń fi hàn pé mi ò tíì gbọ́ ọ ṣì wà lára rẹ̀, láti ọjọ́ yìí wá.

"Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Mo fi video kan ránṣẹ́ sí yín, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà o. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, zobo wa ni! Àwọn Japanese kan ló ń ṣe film, èmi ni mo ṣe gbogbo ara man yẹn. Ẹ wo kíkó yẹn dáadáa, onílé gogoro ni. Mo ní kí Dubai náà rí bí wọ́n ṣe ń kọ́lé." Ó rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó sì wúkọ́. "Ẹ bá mi gbé e sínú ìwé ìròyìn yín. Ẹ kọ orúkọ mi full, ẹ má gé e o. Màámi máa ń ní kí wọ́n ka tiyín fún òun."

Mo pe ìyá rẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo sì sọ ohun tí mo ṣe, mi ò fi ọ̀kan pamọ́.

"Ìwọ lò ń kọ èyí tí wọ́n máa ń kà fún mi yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"O mọ̀ ọ́n kọ."

Ìyẹn nìkan ló sọ sí mi. Ó wá ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá òun dárò. Ó ní láti ìgbà fídíò yẹn, nínú àsàlátù tí òun fi ọwọ́ ara òun dá sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gba omi mu lọ́wọ́ òun mọ́. "Bí ẹ ṣe fi ti ọjọ́sí ránṣẹ́, ẹ fi òótọ́ náà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kó dé gbogbo ibi tí ti àkọ́kọ́ dé."

Alhaji Abdulsalam, ní ìpàdé Sunday tó ń bọ̀, n ó gbé òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ síwájú yín, n kì í ṣe alukoro mọ́. Kí n tó jáde, n ó tẹ voice note náà síta nínú pálọ̀ yín, ìṣẹ́jú mẹ́ta, a ó sì jọ jókòó gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dìde, kí ẹ sọ ọ́ sínú group tí ẹ ti yọ ọ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n, àti pé irọ́ la pa mọ́ ọn. Ẹ̀yin obìnrin mẹ́ta tí ẹ kó ẹrù rẹ̀ síta, ẹ máa bọ̀. Oníṣọ́ọ̀bù, máa bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Harada, fíìmù yín ṣì ń lọ láti ìlú dé ìlú, àyè ò lè há fún orúkọ kan sí i nínú èyí tó ń gòkè yẹn. Mo kọ ọ́ síbí bó ṣe ní kí n kọ ọ́, mi ò gé e: Nusirat Àbẹ̀kẹ́ Ọláníyọnu.

Ìwọ tó ń ka èyí, fídíò yẹn ṣì wà nínú fóònù rẹ. Àwọn tó o fi ránṣẹ́ sí ṣì wà níbẹ̀. Mo ti fi èyí ránṣẹ́ sí group mẹ́rin tèmi, ó ku tìrẹ. Ní Mushin lónìí, wọ́n ń kà á fún ìyá kan. Bí wọ́n bá kà á tán, á bu omi sínú ife, á nà án sí ẹni tó jókòó tì í, á sì dúró wò ó bóyá yóò gbà á.